Ebè Tó Lanu Lẹ́yìnkùlé Wa

Ohun tí màmá mi kọ́kọ́ bá jà nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi ní Igbó-Elérin ni ilẹ̀. Wọn ò tíì jókòó, ẹsẹ̀ wọn tó wú ṣì ń ro wọ́n, wọ́n ti gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n bu yẹ̀pẹ̀ sọ́wọ́, wọ́n sì jẹ́ kó máa gba àárín ìka wọn ṣàn bọ́ sílẹ̀ bíi gàrí.

“Iyanrìn lásán,” ni wọ́n wí. “Kí lẹ wá ń gbìn síbí?”

Mo ní a kì í gbin nǹkan kan, a máa ń rà á ni. Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo sọ pé a kì í wẹ̀ nílé yìí, wọ́n mirí, wọ́n sì wọlé.

Àgbẹ̀ ni màmá mi. Apá Òkè-Ògùn ni abúlé wa wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ibẹ̀ náà ni màmá mi sì ń dá gbé láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, wọ́n yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ẹsẹ̀ ọ̀tún wú, kò sì sí dókítà nítòsí. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, tó ń gbé ní Ìjànìkín, lọ gbé wọn wá sí Èkó. Àwọn dókítà tọ́jú ẹsẹ̀ náà, ó sì ń san díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa méjèèjì ti fẹnu kò pé màmá wa ò ní padà lọ dá gbé mọ́, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa wà. Ohun tó kù ni pé ká sọ ọ́ fún wọn.

Ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Nínú ilé wa, kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń wo ojú ẹlòmíì kó ní, “Dúró tì mí, mo fẹ́ kó o wà níbí.” Àwàdà la máa ń fi gbé e, tàbí ká gbé oúnjẹ síwájú ẹni náà ká sì retí pé kó yé e. Ẹran tí mo kó sínú ọbẹ̀ màmá mi ní oṣù yẹn pọ̀ débi pé wọ́n bi mí bóyá mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá alápatà ṣòwò. Mo rò pé wọ́n á gbọ́ ohun tí ẹran ń wí, ṣùgbọ́n ẹran lásán ni wọ́n jẹ.

Télọ̀ ni mí. Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, àwọn ìyàwó ṣọ́jà láti bárékè Ọ̀jọ́ ló sì pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. Bí ẹsẹ̀ màmá mi ṣe ń fúyẹ́ ni àìrí-nǹkan-ṣe ń dà wọ́n láàmú. Wọ́n ṣa bọ́tìnnì mi lẹ́sẹẹsẹ, funfun lọ́tọ̀, dúdú lọ́tọ̀. Wọ́n ká àkísà tó yẹ kí n dà nù. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi gba oníbàárà lálejò. Ìyàwó ṣọ́jà kan wá gba síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó yí síwájú, ó yí sẹ́yìn. Màmá mi ní, “Ìyàwó, aṣọ yìí ò tíì parí o. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì kù lọ́dọ̀ ọmọ mi.” Ọpẹ́lọpẹ́ pé obìnrin náà lẹ́rìn-ín lẹ́nu. “Mama, you no go kill me!” ló wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé bí mi ò bá tètè wá iṣẹ́ fún màmá mi, kò ní pẹ́ tí gbogbo bárékè fi máa wá télọ̀ mìíràn.

Àlàájà, ìyá onílé wa, ló yọ mí. Ọmọ bíbí Ọ̀jọ́ ni wọ́n, wọ́n ti dàgbà ju màmá mi lọ, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í pọ̀. Ní ẹ̀yìn ilé, ilẹ̀ kan wà tí ọkọ wọn olóògbé fẹ́ kọ́ ilé kékeré kan sí, tí ikú ò jẹ́. Koríko ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù tí òjò ti ń jẹ. Àlàájà ní kí màmá mi máa lò ó. Màmá mi kọ́kọ́ béèrè bóyá iṣu á ṣe níbẹ̀. Àlàájà ní kò lè ṣe, pé ọ̀dùnkún ni ilẹ̀ iyanrìn ń fẹ́.

“Ọ̀dùnkún!” Màmá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣépè. Lójú wọn, iṣu loúnjẹ, ọ̀dùnkún kàn jẹ́ ohun tí ọmọdé ń sun jẹ kí iṣu tó jinná. Ṣùgbọ́n ebi ọkọ́ ń pa ọwọ́ wọn. Nígbà tí Àlàájà mú ìtàkùn ọ̀dùnkún dé láti ọ̀dọ̀ àbúrò wọn ní Ìjànìkín, tí wọ́n fi àpò tútù wé, màmá mi tú u, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan, inú wọn sì dùn. Mo rí i, bí wọ́n tilẹ̀ ń díbọ́n.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ tó dẹ́rù bà mí. Wọ́n ní, “Ẹ gbọ́, Àlàájà, ẹ̀yin lẹlẹ́rìí. Bí mo bá ti wa ọ̀dùnkún yìí, mo ń lọ sílé mi.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ni Àlàájà dáhùn. “Àjò kò lè dùn kónílé má relé.”

Àlàájà ni mo bínú sí. Wọ́n ní ilé, wọ́n ní ilẹ̀, kí ló dé tí wọ́n tún ní òwe?

Báyìí ni èmi tí mo sá fún oko láti kékeré, tí mo kọ́ iṣẹ́ aránṣọ nítorí kí oòrùn má baà pa mí, ṣe di alágbàṣe màmá mi. Wọ́n jókòó sórí àpótí ìdáná, wọ́n na ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n síwájú, wọ́n sì ń fi igi tọ́ka. “Kó o jọ sáàárín. Gíga sí i. Ebè lo ń kọ, àbí sàréè aláǹgbá?” Ọwọ́ mi bó. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ ìránṣọ di ìyà fún mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fẹ́ gbìn ín, wọ́n dìde fúnra wọn. Wọ́n gé ìtàkùn sí wẹ́wẹ́, wọ́n fi ọ̀kọ̀ọ̀kan dùbúlẹ̀ sínú ebè ní ìdẹ̀gbẹ́, wọ́n jẹ́ kí orí rẹ̀ yọ síta, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ yẹ̀pẹ̀ lé e. Wọ́n ń ṣe é jẹ́jẹ́, wọ́n sì ń kọ orin ìjọ wọn lábẹ́ èémí. N kò tíì gbọ́ orin lẹ́nu wọn láti ìgbà tí wọ́n ti dé Èkó.

Àṣìṣe tèmi ni omi. Mo rò pé bí omi bá ṣe pọ̀ tó ni ìfẹ́ ṣe ń pọ̀ tó, mo wá ń bomi rin ọ̀dùnkún láàárọ̀, mo ń bomi rin ín nírọ̀lẹ́. Màmá mi bá mi níbẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì. “Ṣé ìlúwẹ̀ẹ́ lo fẹ́ kọ́ ọ ni?” Wọ́n gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mi, láti ọjọ́ náà ni mi ò sì ti láṣẹ àtifi omi kan ebè àyàfi bí wọ́n bá rán mi.

Ìtàkùn gbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó bo ebè, ó bo búlọ́ọ̀kù, ó fẹ́ gun ògiri balùwẹ̀. Màmá mi a máa gbé e sókè láti ìgbà dé ìgbà, wọ́n á fà á tu níbi tó bá ti ń ta gbòǹgbò kékeré, wọ́n á yí i padà sórí ebè rẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé bí a bá jẹ́ kó ta gbòǹgbò síbi gbogbo, kò ní í lágbára láti bímọ nídìí. “Bí ẹ̀yin ará Èkó,” ni wọ́n fi kún un. Mo ní kí wọ́n yọ mí kúrò nínú wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì rán mi lọ gba eérú lọ́wọ́ alákàrà tó wà ní ìkòríta, kí wọ́n lè fọ́n ọn sára ewé nítorí àwọn kòkòrò.

Kí n sọ òótọ́, mi ò mọ̀ pé mo lè gbádùn màmá mi tó báyẹn. Ìgbà tí mo wà ní kékeré, iṣẹ́ wọn pọ̀, ọwọ́ wọn le. Ṣùgbọ́n màmá tó ń ti ẹ̀yìnkùlé wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án, tí yẹ̀pẹ̀ wà ní eékún wọn, tí wọ́n á gbé omi tútù mi mu tán láìtọrọ, tí wọ́n á wá jókòó sórí ìdì aṣọ oníbàárà láti ròyìn ewé tó yọ lánàá, màmá yẹn wù mí. Nígbà tí iná bá lọ, tí ẹ̀rọ bá dákẹ́, a ó jọ máa bọ́ ẹ̀pà. Wọ́n á sọ ìtàn ìgbéyàwó wọn fún mi, wọ́n á sì yí i díẹ̀ ní ìgbàkígbà tí wọ́n bá tún un sọ. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á lọ bá Àlàájà lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè, wọ́n á jọ máa lé ewúrẹ́ aládùúgbò. Àwọn èèyàn àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní Ìyá Ọlọ́dùnkún. Bí mo bá gbọ́ ọ, inú mi á dùn, ẹ̀rù á sì tún bà mí, torí ọ̀dùnkún kì í pẹ́ nílẹ̀.

Mo bi Àlàájà bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé ó ti gbó. Wọ́n ní, “Ebè á lanu. Bó bá ti ń tóbi nísàlẹ̀, ilẹ̀ á máa sán.” Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti jí, ojú fèrèsé ẹ̀yìn ni mo máa ń lọ. Mò ń ṣọ́ ebè bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń run orín lójú fèrèsé, mo rí màmá mi níbẹ̀. Wọ́n lóṣòó ti ebè tó wà ní ìpẹ̀kun. Ebè náà ti lanu gan-an, ojú rẹ̀ sán láti òkè dé ẹ̀gbẹ́. Mo rí i tí wọ́n wò yíká, tí wọ́n kó yẹ̀pẹ̀, tí wọ́n fi dí ojú ibẹ̀, tí wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ pa á pọ̀ títí ojú ebè fi dán. Wọ́n sún mọ́ ebè kejì, wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe tò wọ́n tán nìyẹn.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé orín mì. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀, tàbí kí n sọ pé mo rò pé ó yé mi. Ọ̀dùnkún ti gbó, màmá mi sì ń fi í pa mọ́! Wọ́n ti fi Àlàájà ṣe ẹlẹ́rìí pé àwọn ń lọ, ojú ń tì wọ́n láti yí ohùn padà, wọ́n wá ń dí ebè lẹ́nu kó má baà tú àṣírí. Wọn ò fẹ́ lọ mọ́. Mo jó díẹ̀ nínú yàrá, èmi nìkan.

Ṣé mo wá lọ bi wọ́n? Rárá o. Fóònù ni mo gbé. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo ròyìn gbogbo rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. “Màmá wa yìí! Ó tán! Jẹ́ kí n wá kápẹ́ńtà lọ, wọn ò tún gbọdọ̀ sùn sórí mátíráàsì ilẹ̀ yẹn mọ́.” Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo sọ fún alákàrà. Mo sọ fún àwọn oníbàárà mi, wọ́n sì bá mi yọ̀. Mo kó aṣọ àti páálí kúrò nínú yàrá kékeré tí mo fi ń ṣe ibi ìkẹ́rùsí, mo fọ ilẹ̀ rẹ̀, mo ran kọ́tìnnì tuntun sí ojú fèrèsé. Nígbà tí Àlàájà sọ létí màmá mi pé ó yẹ kí ọ̀dùnkún ti gbó, èmi ni mo tètè dáhùn pé kò tíì gbó, ẹ wò ó, kò sí ebè kankan tó lanu. Màmá mi yíjú, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. Mo ṣẹ́jú sí wọn.

Bẹ́ẹ̀dì náà dé láti Òkokomàíkò, lórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè gbé e. Àwọn ọmọ iṣẹ́ kápẹ́ńtà tò ó sínú yàrá kékeré náà. Màmá mi wọlé, wọ́n fọwọ́ kan pákó rẹ̀, wọ́n kan án kó kó.

“Pákó gidi ni. Ta ló ni ín?”

“Ẹ̀yin ni, Màmá.”

“Èmi? Ta ló máa wá sùn sí i bí mo bá lọ?”

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó mọ àṣírí. “Ẹ fẹ́ lọ kẹ̀? Màmá, mo ti rí yín.”

“O rí mi níbo?”

“Lẹ́yìnkùlé. Mo rí bí ẹ ṣe ń dí ojú ebè láàárọ̀, kí a má baà mọ̀ pé ó ti gbó.”

Wọ́n wò mí. Wọ́n wo bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rín wá bẹ̀rẹ̀ láti inú wọn, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi ní láti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọ̀hún.

“Yéè, mo gbé! Ọmọ àgbẹ̀ tó ń gún máṣíìnì! Ṣebí wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Kòkòrò ni mò ń dí ọ̀nà fún, ìwọ ọmọ yìí! Bí ilẹ̀ bá ti sán báyẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà wọlé. Wọ́n á lu ọ̀dùnkún nihò, á korò, kò ní ṣeé jẹ.” Wọ́n nu ojú. “Mo fẹ́ gbé e délé ní pípé ni, kí wọ́n rí i ní abúlé pé mo wúlò ní Èkó. Ó ti gbó tipẹ́. Ọjọ́bọ̀ ni ká wà á, kí n máa lọ ní Sátidé.”

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ni ǹ bá ṣe? Lẹ́yìn náà, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo gbórí lé ẹ̀rọ ìránṣọ, mo sì sunkún bí ọmọdé tí wọ́n fi sílẹ̀ ní ọjà. Ojú tì mí nítorí bẹ́ẹ̀dì, ojú tì mí nítorí gbogbo ẹni tí mo ti sọ fún, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Mo fẹ́ kí màmá mi dúró, wọn ò sì fẹ́ dúró.

Ní Ọjọ́bọ̀, mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Màmá mi fi àdá gé ìtàkùn kúrò lórí ebè, wọ́n kó o fún àgbò Àlàájà. Wọn ò jẹ́ kí n fi ọkọ́ kan ilẹ̀, wọ́n ní ọ̀dùnkún tí ọkọ́ bá ṣá kì í pẹ́ tó fi ń rà. Ọwọ́ la fi wà á. A kúnlẹ̀, a ya ebè, iyanrìn sì ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn ọ̀dùnkún pupa náà sì jáde, àwọn kan sanra bí ọmọ ọwọ́. Kò sí èyí tí kòkòrò fọwọ́ kàn. Àlàájà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń kí wa kú iṣẹ́. Inú màmá mi dùn débi pé wọ́n gbàgbé ẹsẹ̀ wọn.

Níbi ebè tó wà lẹ́bàá ògiri, àwa méjèèjì ti ọwọ́ bọ inú yẹ̀pẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èmi láti apá kan, àwọn láti apá kejì, ọwọ́ wọn sì kan tèmi nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ọwọ́ wọn gbóná, ó le, mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.

“Ẹ má lọ.”

Wọ́n dúró. “Kí lo wí?”

“Mo ní kẹ́ ẹ má lọ, Màmá. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró tì mí.”

Àlàájà, tó ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ka tẹ̀sùbáà, gbé ojú sókè. Màmá mi ò yọ ọwọ́ wọn nínú ilẹ̀.

“O sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ,” ni wọ́n wí. “O sọ fún alákàrà. O sọ fún gbogbo ìyàwó ṣọ́jà, ẹ̀yin méjèèjì sì tún jẹ́ kí kápẹ́ńtà gbọ́. Èmi nìkan ni o ò sọ fún. Ojú ebè lò ń wò, o ò wo ojú mi.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Màmá.”

“Ṣé bí wọ́n ṣe ń bẹ èèyàn nìyẹn? Bẹ̀ mí dáadáa.”

Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo wá tún kúnlẹ̀ dáadáa. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí oríkì ìdílé wọn, èyí tí mo rántí àti èyí tí mo dàrú. Mo bi wọ́n pé ta ni yóò máa bá mi lé oníbàárà. Mo ní ilé ti mọ́ mi lójú pẹ̀lú wọn, pé bí mo bá jí tí mi ò gbọ́ híhanrun wọn, ọkàn mi kì í balẹ̀. Mo ní mi ò mọ̀ wọ́n ní kékeré bó ṣe yẹ, iṣẹ́ ò jẹ́, ìgbà yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ wọ́n, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí n mọ̀ wọ́n sí i. Ẹkún ti gba ohùn mi. Àlàájà ń fi etí ìborùn nu ojú, wọ́n ní, “Ẹ dá ọmọ lóhùn, ẹ jọ̀ọ́.” Màmá mi gbé ọwọ́ sókè sí wọn pé kí wọ́n má dá mi dúró. Wọ́n fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń gbọ́ mi, wọn ò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kankan bọ́ nílẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi, wọ́n yọ ọwọ́ nínú ebè, wọ́n fi nu ojú mi, wọ́n sì fi iyanrìn kùn mí láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

“Láti ìgbà tí bàbá yín ti kú,” ni wọ́n wí, “kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí pé kí n má lọ.” Omi wà lójú àwọn náà, wọn ò sì fi pa mọ́. “Ó tó. Inú mi ti dùn. Mo ń lọ ní Sátidé.”

Wọ́n sì yíjú sí ebè tó kù.